Orúkọ Tí Mo Pa Rẹ́



Àbúrò bàbá bàbá mi lọ sí ogun Bọ́mà, kò sì padà wálé. Bàbá mi sọ fún mi pé ìyá rẹ̀ kò gbà pé ó kú. Alaalẹ́ ló ń tẹ́ ẹní fún un títí ó fi jáde láyé. Nígbà èwe mi, mo rò pé ohun tí à ń pè ní àdánù kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni lọ, kò bọ̀.

Nínú ìwé ni mo ti kà á pé ọmọ ogun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà bá àwọn ará Jàpáánì jà níbẹ̀ títí di 1945. Ní ibi ìsìnkú Taukkyan, nítòsí Rangoon, wọ́n fín orúkọ àwọn tí a kò mọ ibojì wọn sára òkúta. Wọ́n súnmọ́ 27,000, àwọn ọmọ Áfíríkà sì wà nínú wọn. Ẹni lọ, orúkọ kù.

Àdánù mìíràn wà tí kò ní òkúta. Ní Amẹ́ríkà, òfin 1907 sọ pé obìnrin tó bá fẹ́ àjèjì ti di ará ìlú ọkọ rẹ̀. Ethel Mackenzie, ọmọ bíbí California, fẹ́ ará Scotland ní 1909. Kò kúrò nílé. Síbẹ̀, nígbà tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, wọ́n ní kì í ṣe ọmọ ìlú mọ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi ọwọ́ sí i ní 1915. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, irú òfin bẹ́ẹ̀ wà láti 1870. Nígbà ogun 1914, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó fẹ́ ará Jámánì di ọ̀tá ní ìlú tí wọ́n bí i sí. Ìgbà tí ọdún 1949 wọlé ni òfin náà tó yí padà.

Kí ẹ má rò pé òyìnbó nìkan ni mo ń bá wí. Olùkọ́ ilé kéú ni mí, èmi sì ni akọ̀wé ẹbí wa. Nígbà tí àbúrò mi obìnrin fẹ́ ọmọ Gánà, àwọn àgbà ní, "Ó ti di ará ibòmíràn. Yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé ilẹ̀ bàbá yín." Mo fa ìlà sí i. Nígbà tó wá bá wa ṣe Iléyá, ó ṣí ìwé náà, ó wò mí lójú, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà wo ni mo kú?"

N kò rí èsì fọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo rántí ohun tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ kéú. Sa'd ọmọ Rabi' kú sójú ogun Uhudu. Arákùnrin rẹ̀ kó gbogbo ohun ìní rẹ̀, kò ṣẹ́ nǹkan kan kù fún ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì. Opó rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Ànábì (SAW) lọ. Lórí ọ̀ràn yìí ni ẹsẹ̀ ogún inú Sūratun-Nisā'i sọ̀kalẹ̀: ìdá méjì nínú mẹ́ta fún àwọn ọmọ, ìdá kan nínú mẹ́jọ fún ìyá wọn, kí arákùnrin náà mú ìyókù. Kò sí ibi tí a ti ní kí ọmọbìnrin tó bá lọ ilé ọkọ pàdánù ìpín rẹ̀.

Mo pe ẹbí jọ, mo jẹ́wọ́ àṣìṣe mi, mo sì tún orúkọ rẹ̀ kọ. Inú àwọn kan kò dùn sí i títí dòní. Ìlà tí mo fà náà ṣì wà nínú ìwé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí kálámù yóò bọ́ sí lọ́wọ́ lọ́la, ẹ ṣọ́ra. Agbára wa kò ká ogun, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ni ìwé ẹbí wà. Kí Ọlọ́hun foríjì wá. Àmín.