Kí Wọ́n Tó Máa Bèèrè Pláànì

Láyé àwọn gómìnà bíi Jákàǹdè ní Èkó, Bọ́lá Ìgè ní Ọ̀yọ́, Ajáṣin ní Òndó àti Ọnàbánjọ ní Ògùn, láti 1979 sí 1983, ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú ní ọsibítù ìjọba. Bí ara ọmọ bá gbóná mọ́jú, ìyá rẹ̀ á pọ̀n ọ́n jáde ní ìdájí, á gba káàdì, á bá èrò jókòó lórí bẹ́ǹṣì gígùn títí nọ́ọ̀sì á fi pè é. Èrò a máa pọ̀, oògùn a sì máa tán nígbà mìíràn. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa kọ́kọ́ bi í pé èló ló mú dání. Owó ìlú ló ń gbé e.

Nígbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé ní 1986, nǹkan yí padà. Lọ́pọ̀ ọsibítù, "Ẹ lọ sanwó ná" di ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí aláìsàn ń gbọ́.

Lónìí, ẹni tó bá rí owó yà sọ́tọ̀ a máa ra pláànì adójútòfò ìlera lọ́dọ̀ HMO, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń ta á. Wọ́n á gbowó ọdún lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n á fi tọ́jú àwọn tí àìsàn bá kọlù nínú wọn. Kì í ṣe àjọ o: bí ọdún bá yí po tí ẹ ò ṣàìsàn, owó náà ti lọ nìyẹn. Ọsibítù tí ẹ yàn sábà máa ń gba iye kan lórí yín lóṣooṣù, ẹ lọ o, ẹ ò lọ o. Ṣùgbọ́n bó bá di iṣẹ́ abẹ, ọsibítù ní láti gba kóòdù àṣẹ lọ́wọ́ HMO ná. Iye tí ẹ ó san dá lórí ọjọ́ orí yín, iye ẹni tó wà lórí pláànì náà àti ọsibítù tí ẹ fẹ́. Pláànì olówó pọ́ọ́kú lè yọ eyín àti ìbímọ sílẹ̀. Èyí tó gbé ìbímọ pàápàá sábà máa ń ní kí ẹ dúró fún oṣù mélòó kan ná.

Ibẹ̀ ló ti ń dunni. Ìyá á na káàdì sí ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà, ìyẹn á wò ó, á rọra ní, "Ẹ má bínú, mà, pláànì yín ò gbé àyẹ̀wò yìí."

Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a, kó rà á, kó sì ka ohun tí wọ́n yọ sílẹ̀ kó tó tọwọ́ bọ̀wé. Ṣùgbọ́n alágbàtà àti ọlọ́kadà ńkọ́? Òfin 2022 tó sọ adójútòfò ìlera di dandan ní Nàìjíríà dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn aláìní. Ẹ jẹ́ ká bi àwọn tí a dìbò fún léèrè ohun tó wà nínú àpò náà, àti ẹni tí wọ́n ń ná an fún.