Mo Dé Ìlú Ostrava: Ọ̀rọ̀ Ìwé Tí A Kò Kà Fún Wọn

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, nígbà tí àwa tíṣà wà ní ìsinmi gígùn, mo lọ kí àbúrò mi tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ìlú Ostrava ní ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì. Láti Prague tí í ṣe olú-ìlú wọn, ọkọ̀ ojú irin gbé mi fún wákàtí mẹ́ta ó lé díẹ̀ sí ìhà ìlà-oòrùn, títí ó fi kù díẹ̀ kí a wọ ilẹ̀ Pólàńdì.

Ìlú èédú àti irin ni Ostrava. Ó lé ní igba ọdún tí wọ́n fi wa èédú lábẹ́ rẹ̀, ọdún 1994 ni wọ́n sì wa èyí tí ó kẹ́yìn. Iná iléru ńlá Vítkovice kú ní ọdún 1998. Nísinsìnyí àwọn àlejò ni ó ń san owó láti gun iléru náà, wọ́n sì ti kọ́ ilé ìṣọ́ kan lé e lórí tí wọ́n fi orúkọ Usain Bolt, sárésáré ọmọ Jàmáíkà, pè. Òkè kan tún wà níbẹ̀ tí a ń pè ní Ema, tí ó jẹ́ pé pàǹtí èédú ni wọ́n dà jọ tí ó fi di òkè. Inú rẹ̀ ń jó títí di òní, èéfín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì ń ti ara rẹ̀ jáde. Èmi àti àbúrò mi gun un. Bóyá àtẹ́lẹsẹ̀ mi gbóná ni o, bóyá ọkàn mi ni ó ń tàn mí, n kò lè sọ.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ ni àbúrò mi wí pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ibi tí gbogbo àlejò ń lọ ni ẹ ti rí yìí. Bí kò bá rẹ̀ yín, mo fẹ́ mú yín lọ kí màmá kan lọ́la.”

Ọmọ Rómà ni màmá náà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìlú Róòmù ti Póòpù ni mo ń sọ o. Àwọn Rómà jẹ́ ẹ̀yà kan tí àwọn baba ńlá wọn ti Íńdíà ṣí wá ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Awọ wọn dúdú ju ti àwọn aládùúgbò wọn lọ, wọ́n sì ní èdè tiwọn. Nígbà ogun Hitler, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo Rómà ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì tán. Àwọn tí ó wà ní Ostrava lónìí, ọ̀pọ̀ nínú òbí wọn ni ó wá láti Slofákíà lẹ́yìn ogun láti ṣiṣẹ́ èédú àti irin. Nígbà tí iṣẹ́ náà parí, àwọn ni ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ní oṣù keje ọdún 1997, odò kún bo ìlú náà. Tíṣà kan wá ṣe ìrànlọ́wọ́, Kumar Vishwanathan, ọmọ Íńdíà tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ físíìsì ní ìlú mìíràn. Ó wá, kò sì padà mọ́. Òun ni ó dá ẹgbẹ́ Vzájemné soužití sílẹ̀, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ gbígbé pọ̀. Àwọn ni wọ́n wà lẹ́yìn abúlé kékeré kan tí wọ́n kọ́ parí ní ọdún 2002, tí Rómà àti òyìnbó ń gbé pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú bí mo bá yangàn díẹ̀ pé tíṣà ni ó ṣe èyí.

Màmá tí a lọ kí ti lé ní ọgọ́ta ọdún. N kò ní dárúkọ wọn. Wọ́n gbé kọfí tí ó ki bí ọ̀rá kalẹ̀ fún wa, wọ́n bi mí bóyá ìyàwó mi bí obìnrin, mo ní ó bí méjì, wọ́n sì mi orí pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àbúrò mi ń túmọ̀ rẹ̀.

Ọmọ kejì ni wọ́n lọ bí ní ilé ìwòsàn ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Ìrora gbé wọn dé ibi tí wọn kò mọ ẹni tí ń bá wọn sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì kan gbé ìwé wá pé kí wọ́n fọwọ́ sí i. Èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n rò pé nítorí ọmọ tí ó wà nínú wọn ni, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Dókítà là wọ́n ní ikùn, ó gbé ọmọ jáde, ó sì sé ọ̀nà ọmọ. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n ń wá ọmọ kẹta títí, ni dókítà mìíràn tó là á yé wọn pé kò tún lè sí ọmọ mọ́ láéláé. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni, àní fún ọkọ wọn pàápàá. Láàárín àwọn Rómà, bí ó ti rí láàárín tiwa náà, ojú tí wọ́n fi ń wo obìnrin tí ọmọ rẹ̀ kò pọ̀ kì í ṣe ojú rere.

“Mo rò pé èmi nìkan ni,” bí àbúrò mi ti túmọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Wọn kì í ṣe àwọn nìkan. Láyé ìjọba Kọ́múníìsì, òfin ọdún 1971 fún àwọn dókítà ní àyè láti ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń fi owó tan àwọn obìnrin Rómà sí i, tàbí kí wọ́n dẹ́rù bà wọ́n. Ẹgbẹ́ Charta 77 tí ń tako ìjọba náà kígbe rẹ̀ síta ní ọdún 1978. Ìjọba Kọ́múníìsì ṣubú ní ọdún 1989, ṣùgbọ́n àwọn dókítà kan kò dáwọ́ dúró. Ọdún 1990 ni wọ́n ṣe é fún Elena Gorolová, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, nígbà tí ó ń bí ọmọkùnrin rẹ̀ kejì ní Ostrava. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń retí àtibí obìnrin.

Gorolová yìí ni kò gbà kí ọ̀rọ̀ náà kú sínú. Láti nǹkan bí ọdún 2004, àwọn obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó pọ̀, ẹgbẹ́ tíṣà ọmọ Íńdíà yẹn àti àwọn lọ́yà sì dúró tì wọ́n. Èyí tí ó bá mọ̀wé ń kà fún èyí tí kò mọ̀ ọ́n. Èyí tí ẹ̀rù ilé ìwòsàn ń bà, ẹnì kejì a sìn ín lọ. Màmá sọ fún wa pé ọjọ́ tí àwọn kọ́kọ́ lọ, àwọn kò lanu sọ̀rọ̀ rárá, ẹkún ni àwọn sun títí wọ́n fi túká, kò sì sí ẹni tí ó ní kí àwọn dákẹ́. Ìgbà kẹta ni wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ọkọ wọn gbọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ náà.

Ó lé ní ọgọ́rin obìnrin tí ó kọ̀wé ẹ̀sùn sí Otakar Motejl, ẹni tí wọ́n yàn láti máa gbọ́ ẹjọ́ ará ìlú sí ìjọba, ó sì kọ ọ́ ní ọdún 2005 pé òtítọ́ ni wọ́n ń sọ. Gorolová lọ sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York ní ọdún 2006. Ìjọba sọ ní ọdún 2009 pé ó dun àwọn. Ọdún méjìlá tún kọjá kí wọ́n tó ṣe òfin, ní 2021, pé kí a fún obìnrin kọ̀ọ̀kan ní 300,000 kórúnà, ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko. Àwọn kan ti kú kí òfin náà tó jáde.

Màmá dìde, wọ́n gbé fáìlì kan wá. Ilé ìwòsàn ni ó kọ ìwé àkọ́kọ́ inú rẹ̀: ọdún tí òfin ní kí àwọn fi pa àkọsílẹ̀ aláìsàn mọ́ ti kọjá, àwọn ti run ún. Ìwé kejì ti ọ́fíìsì ìjọba wá: nígbà tí kò sí àkọsílẹ̀, kò sí ẹ̀rí, kò sì sí owó. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìwé tí wọn kò kà ni ó ba ayé wọn jẹ́. Ìwé kan náà ni wọ́n tún ń béèrè lọ́wọ́ wọn, lẹ́yìn tí àwọn tí ó kọ ọ́ ti fà á ya.

Àbúrò mi wá rántí ẹjọ́ mìíràn tí ó ti ìlú yìí kan náà jáde. Ọmọ Rómà méjìdínlógún ni wọ́n kó sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn kò pé. Ìjọba sọ pé àwọn òbí ti fọwọ́ sí i. Ní ọdún 2007, Kóòtù Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù dá wọn láre, ó ní a kò lè mọ̀ dájú pé àwọn òbí náà mọ ohun tí wọ́n fọwọ́ sí.

Ibi tí ó dé yìí ni mo yí ojú sí fèrèsé. Ìyá ọmọ kan wá sí ọ́fíìsì mi ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Mo tẹ́ fọ́ọ̀mù síwájú rẹ̀ pé kí ọmọbìnrin rẹ̀ tún kíláàsì kan náà kà. Ó bi mí pé, “Tíṣà, kí ni ó wà níbẹ̀?” Mo ní, “Ìyá, kì í ṣe nǹkan kan, ẹ tẹ ìka síbẹ̀.” Ó tẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà kò padà wá lẹ́yìn ìsinmi, n kò sì lọ wá a.

Mo bi màmá léèrè bóyá àwọn tí ọkọ ń lù náà ń wá sí ìjókòó yìí. Wọ́n ní wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n tiwọn le. Bí obìnrin Rómà bá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó ń bẹ̀rù pé wọ́n lè má gba òun gbọ́, ó sì tún ń bẹ̀rù pé wọ́n lè wá kó àwọn ọmọ òun lọ. Àwọn ará ilé rẹ̀ a sì máa wí pé ó ń tú àṣírí Rómà fún òyìnbó. Àdéhùn kan wà tí ọ̀pọ̀ ìjọba Yúróòpù bá ara wọn ṣe ní Istanbul ní ọdún 2011 láti dáàbò bo obìnrin, ó sì ka sísé ọ̀nà ọmọ ní tipátipá mọ́ ìwà ọ̀daràn. Ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì fọwọ́ sí i ní 2016. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ilé ìgbìmọ̀ àgbà wọn kọ̀ láti fi àṣẹ sí i.

Ó ti ń di ìrọ̀lẹ́ kí a tó dìde. Kóòtù ní Prague ti sọ fún àwọn mìíràn pé a lè gba ẹ̀rí tí kì í ṣe àkọsílẹ̀ dókítà, nítorí náà màmá ti pe ẹjọ́ tiwọn. Obìnrin méjì mìíràn yóò bá wọn lọ, ọ̀kan jẹ́ Rómà, èkejì jẹ́ lọ́yà. Wọ́n tún ṣí fáìlì náà, wọ́n fa tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin yọ, wọ́n sì ní kí n ka wákàtí tí ó wà lára rẹ̀ sókè fún àwọn. Mo kà á: aago mẹ́fà àárọ̀.