Ta Ni Yóò Máa Jí Lóru?

Nọ́ọ̀sì yín ni o. Ọ̀rọ̀ tòní kan ẹ̀yin tí òbí yín ní àrùn ìgbàgbé, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní dementia, tí ẹ sì fẹ́ gbé wọn kúrò ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà padà sílé.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbé ìyá kan kúrò ní irú ilé bẹ́ẹ̀ wá sí àdúgbò tí mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn, nítorí pé owó oṣooṣù ti wọ àwọn ọmọ lọ́rùn. Àbígbẹ̀yìn wọn obìnrin ló gbà wọ́n sọ́dọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ bẹ̀ wọ́n wò. Mo yẹ ìfúnpá wọn wò, mo ka oògùn, mo wo ẹ̀yìn àti ìdí wọn bóyá egbò wà níbẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa.

Nígbà kẹta, ọmọ náà sìn mí dé ẹnu géètì. Ó ní, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, mo gbá màmá mi létí lánàá." Ló bá bú sẹ́kún.

Ṣé ẹ mọ ohun tó dùn mí jù? Mi ò bi í léèrè rí bóyá ó ń sùn. Alaalẹ́ ni màmá ń di ẹrù, tí wọ́n á ní àwọn ń lọ sílé. Ọmọ á ní, "Màmá, ilé yín nìyí!" Wọ́n á máa fà á títí di ìdájí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò sùn dáadáa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní London ń fowó ránṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó kì í jí lóru mú ìyá lọ tọ̀.

Mi ò bá a wí. A jókòó, a tún gbogbo ẹ̀ tò. Ẹ fi ohun tí a rí kọ́gbọ́n:

1. Kí ẹ tó gbé wọn kúrò, ẹ bi àwọn tó ń wẹ̀ wọ́n tó sì ń fún wọn lóúnjẹ: ìgbà wo ni wọ́n ń sùn? Kí ló ń bà wọ́n lẹ́rù? Kí ló ń tù wọ́n nínú? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé oògùn nìkan kò tó.

2. Bí wọ́n bá ní àwọn ń lọ sílé, ẹ má bá wọn jiyàn. Ó lè jẹ́ ilé bàbá wọn ni wọ́n ń rántí. Ẹ ní, "Ẹ jẹ́ ká jẹun ná." Ẹ tan iná kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ fún wọn níṣẹ́ díẹ̀. Oúnjẹ tútù ni màmá yìí ń tà láyé àtijọ́. Bí a ṣe gbé ẹ̀wà fún wọn pé kí wọ́n ṣà, ara wọn balẹ̀.

3. Bí ìwà wọn bá yí padà lójijì láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ẹ má sọ pé ayé ni. Ó lè jẹ́ ibà, àìmu omi tó, ìgbẹ́ tí kò jáde, àkóràn inú ìtọ̀, tàbí oògùn tuntun. Ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má ra oògùn oorun tàbí Piriton fún wọn kí wọ́n lè sùn. Ó lè dá kún ìdàrúdàpọ̀ náà, ó sì lè mú kí wọ́n ṣubú.

4. Ẹ pín òru. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní London gbà láti san owó ẹni tí yóò máa sun ilé wọn ní alẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin gba Sátidé.

Àrùn yìí kò tíì ní oògùn tó ń wò ó sàn. Màmá ṣì ń di ẹrù nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ọmọ wọn ń rí oorun sùn. Èmi náà ti kọ́gbọ́n: kí n tó mú ẹ̀rọ ìfúnpá jáde, olùtọ́jú ni mo ń kọ́kọ́ bi pé, "Ìwọ ńkọ́, ṣé o sùn?"

Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń dá tọ́jú òbí yín, ẹ pè é lónìí. Ẹ má kàn béèrè pé, "Màmá ńkọ́?" Ẹ bi í pé alẹ́ wo ni kí ẹ wá gbà á.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ọlọ́run á fún wa ní àlàáfíà.