Igi Àgbálùmọ̀ Bàbá Àgbà

Ẹni tí ó bá gba ọjà Ìtòkú kọjá nígbà ọyẹ́ yóò rí àgbálùmọ̀ lórí àtẹ, tí ó pọ́n dẹ̀dẹ̀. A óò ná an, a óò rà á, a óò mu omi rẹ̀, a óò sì jẹ èèpo rẹ̀ lẹ́nu bíi ṣingọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ti rí òdòdó rẹ̀ rí?

Nígbà ìsinmi Àjíǹde, mo wọ ọkọ̀ ní Kútọ̀ lọ sí ilé wa ní Òṣíẹ̀lẹ̀, lọ́nà Ìbàdàn. Láti 1976 tí Abẹ́òkúta ti di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ògùn ni ilé ti ń jẹ oko ní ọ̀nà yìí. Ọbántokó tí mo mọ̀ ní oko nígbà èwe mi, ilé ló kún ibẹ̀ báyìí.

Mo bá Ìyá Àgbà lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ ẹ̀yìnkùlé.

“Ẹ kú ilé o, Ìyá.”

“Káàbọ̀, ọkọ mi. Gbójú sókè.”

Mo wòkè. Òdòdó wẹ́wẹ́ funfun ṣù mọ́ ìdí ewé, oyin sì ń kùn lára wọn. Òjò àkọ́rọ̀ ló ń mú wọn yọ. Èso yóò wà ní tútù jálẹ̀ ìgbà òjò, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ní oṣù Kejìlá. Bí ó bá gbó tán, òun fúnra rẹ̀ ni yóò já bọ́. Èyí tí a bá fi ìwàǹwara ká, kíkan ni yóò kan.

Ọ̀rọ̀ tí ó gbé mi wá nìyí: ẹbí fẹ́ ta ilẹ̀ náà, ẹni tí yóò rà á sì ní kí a kọ́kọ́ gé igi.

Ìyá Àgbà ní, “Owó iléèwé bàbá rẹ, abẹ́ igi yìí ni mo ti ṣà á.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ẹni tí ó gbin kóró àgbálùmọ̀ yóò dúró ní ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó rí èso. Ọmọ-ọmọ ni Bàbá Àgbà gbìn ín fún. Mo bẹ ẹbí títí ilẹ̀ fi ṣú. A fi okùn wọn ilẹ̀, a ta apá kan, a fi ibi igi sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wòkè kí ẹ tó gbé àáké.