Omi Tí Kò Tíì Dàgbà

Ọjọ́ Sátidé ni mo gbé àpótí gíláàsì náà wọlé. Lítà 60 ló ń gbà. Mo fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, mo da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo pọn omi kànga kún un, mo tan fílítà. Kó tó dalẹ́, goldfish mẹ́fà tí mo rà ní Ìbàdàn ti ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, kò kúrò níwájú wọn títí tí oorun fi gbé e lọ.

Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, mẹ́ta ti kú.

Omi náà sì mọ́ gaara o! Ohun tó rú mi lójú nìyẹn. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Tí nǹkan bá daṣẹ́ sílẹ̀, mo máa ń pa á, màá tún un tàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fún ẹja. Mo da gbogbo omi nù, mo fi blíìṣì fọ òkúta àti fóòmù inú fílítà, mo ṣan wọ́n dáadáa, mo pọn omi tuntun sí i. Lọ́jọ́ kejì, ìkẹrin kú.

"Dádì, ṣé oúnjẹ tí mo fún wọn ló pa wọ́n?"

Mi ò rí èsì fún un.

Ìyá kan wà ládùúgbò wa ní Pàrákìn tí wọ́n ń sin ẹja àrọ̀. Mo lọ bá wọn. Wọ́n bi mí pé ìgbà wo ni mo pọn omi náà. Mo ní àná ni, tuntun ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ibi tó ti bàjẹ́ nìyẹn. Omi yẹn ò tíì dàgbà."

Mo délé, mo kàwé nípa rẹ̀. Ibi tí ẹja fi ń mí ló ti ń tú ammonia jáde, májèlé sì ni. Oúnjẹ tó ṣẹ́kù tó jẹrà náà ń mú un wá. Ojú kì í rí i, ìdí nìyẹn tí omi fi lè mọ́ gaara kó sì máa pani. Àwọn bakitéríà kan ń sọ ammonia di nitrite, májèlé lòun náà. Àwọn mìíràn á wá sọ nitrite di nitrate, tí kò fi bẹ́ẹ̀ le. Nínú odò Ọ̀pá, wọ́n ti wà lára òkúta àti ẹrẹ̀ tipẹ́, omi sì pọ̀. Nínú àpótí tuntun, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ara fóòmù fílítà ni wọ́n ń gbé jù. Fóòmù tí mo fi blíìṣì fọ̀!

Wọ́n ní omi ò lọ́tàá. Èmi ni mo sọ omi di ọ̀tá ẹja.

Mo pe ọmọ mi jókòó. Mo ní kì í ṣe òun, èmi ni mo kánjú. Ó wò mí títí.

"Ṣé ẹ ti bẹ̀ wọ́n?"

Mo kọjú sí àpótí, mo bẹ àwọn méjì tó kù.

Láti ìgbà náà, mò ń pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà lọ́jọ́ méjì méjì. Omi tí mo bá yọ ni mo fi ń fọ fóòmù, láìsí ọṣẹ. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ la ń fún wọn lóúnjẹ, ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú méjì. Bí iná bá lọ, báàtìrì ló ń gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, torí bakitéríà náà ń mí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má ra mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan bíi tèmi. Lítà 60 kéré fún wọn.

Lọ́jọ́ kejìdínlógójì, mo wọn omi náà: ammonia, òdo, nitrite, òdo. Ọmọ mi fi bíírò pupa fa ìlà yí ọjọ́ náà ká lórí kàlẹ́ńdà. Ẹja méjèèjì ò tiẹ̀ mọ nǹkan kan. Oúnjẹ ni wọ́n ń wá.