Òkè Ìdànrè, Àárò Rẹ Ń Sọ Mí

Olólùfẹ́ mi,

Láti Churchill ni mo ti ń kọ̀wé sí ọ, ìlú kékeré kan létí Hudson Bay ní àríwá Kánádà, tí ọ̀nà mọ́tò kò dé rárá, àfi rélùwéè tàbí bàálù. Àwọn tó ń ya àwòrán ẹranko ìgbẹ́ ni mo bá wá. Láràárọ̀ ni wọ́n ń kó wa sínú ọkọ̀ gìrìwò kan, a ó máa rìn gbéregbère lórí ilẹ̀ tó ti gan, títí afinimọ̀nà wa yóò fi nawọ́ pé ẹ wò ó lọ́hùn-ún. Béárì funfun á sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, lórí pápá tí kò ní igi, á máa retí kí òkun dì kó lè lọ dọdẹ lórí yìnyín. Ó lẹ́wà, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé ojú kúrò lára kámẹ́rà báyìí, ìwọ ni mo ń wá.

Oṣù Kọkànlá nìyí. Mo mọ̀ pé wọ́n ti ń sá kòkó létí títì láti Aládé wọ Òdòdé, tí àwọn ìyá ń fi ẹsẹ̀ tú u ká nínú oòrùn. Òórùn kòkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, tó kan díẹ̀, tó dùn díẹ̀, bí ẹmu tó sùn mọ́jú, òun ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi kí n tó rí orí rẹ nínú kùrukùru. Ó máa ń wọ aṣọ, wọ irun, wọ inú àpò kámẹ́rà. Nígbà tí mo tú àpò náà níbí lálẹ́ àná, mo ti imú bọ̀ ọ́, bóyá ó ṣẹ́ kù. Òtútù ti gbé e lọ.

Ṣé o rántí bàbá tó máa ń mú mi gùn ọ́? Àdá lọ́wọ́, tọ́ọ̀ṣì lápò. Àtẹ̀gùn rẹ lé ní 600, orúnkún mi á ti máa gbọ̀n ká tó dé ibi ìsinmi kejì. Bàbá á jókòó, wọ́n á ní kí n mumi, wọn ò ní kánjú. A ó kọjá Ààfin Ọwá àtijọ́, a ó kọjá ilé ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1896. Láti nǹkan bí 1928 ni àwọn ọmọ rẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lọ tẹ̀dó sísàlẹ̀. Àwọn ẹranko kò bá wọn lọ. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí mo ń yí lẹ́ǹsì kiri, bàbá á ní, "Ọmọ mi, gbé nǹkan yẹn sílẹ̀ ná. Gbọ́."

Ọ̀fàfà ni. Á bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, á dákẹ́, á tún gbé e, á máa ga sí i, títí yóò fi di igbe tí àpáta kan ń gbà lọ́wọ́ èkejì. Ẹran kékeré tí kò nírù, tí àwọn onímọ̀ ní ìbátan erin ni, òun ló ń mú gbogbo rẹ dún báyẹn. Ìgbà mìíràn ojú rẹ̀ méjèèjì á tàn fìrí nínú ewé, kí n tó tẹ kámẹ́rà, ó ti lọ.

Ọ̀pọ̀lọ́ rẹ ńkọ́? Arne Schiøtz, ará Denmark, ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní 1963. Lẹ́yìn náà, ó lé ní 40 ọdún tí àwọn onímọ̀ kò fi gbúròó rẹ̀, kí àwọn olùwádìí tó kéde ní 2014 pé àwọn tún ti rí i. Ìwọ nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ láyé. Ọmọ rẹ̀ kì í gbé inú adágún bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ara àpáta tó tutù ló máa ń lẹ̀ mọ́, níbi tí omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti ń ṣàn. Bàbá kúnlẹ̀ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, mo dọ̀bálẹ̀ lórí òkúta, omi wọ̀ mí láṣọ, inú mi ń dùn ṣìnkìn.

Mo mọ ìwà rẹ. Kùrukùru rẹ á bo lẹ́ǹsì mi gẹ́rẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ bá dára. Ihò àdán rẹ ń rùn gan-an, àwọn ọkùnrin ìlú sì ń wọ̀ ọ́ lọ́dọọdún lọ pa àdán lọ́jọ́ ọdún. Àwọn ọ̀bọ rẹ kì í dúró fún àlejò. Ibí yìí, béárì ń dúró, ojú mi ti kún. Ìwọ lo fi etí mi ṣe ojú. Àwòrán tí mo yà lọ́dọ̀ rẹ, ewé ló pọ̀ jù níbẹ̀, pẹ̀lú òkùnkùn àti ìdajì ojú ẹranko kan, èmi sì fẹ́ràn wọn ju gbogbo béárì yìí lọ.

Bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, tí omi tún ń ṣàn lára rẹ, retí mi. Mo ti ra iná àdèmórí fún bàbá, irú èyí tí wọ́n máa ń dè mọ́ iwájú orí, kí ọwọ́ wọn méjèèjì lè ráyè. Bátìrì rẹ̀ pọ̀ nínú ẹrù mi.

Tìrẹ ni mí.