Kọ́ńgò Tí Ìdí Rẹ̀ Kò Tẹ̀

Kọ́ńgò kan wà ní ìsọ̀ àǹtí mi ní Ìyìn-Èkìtì tí kì í yá ẹnikẹ́ni. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni àǹtí mi ń tà. Bí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ nínú ọjà bá wá tọrọ kọ́ńgò, yóò ní kí ó mú èyí tó wà lábẹ́ tábìlì. Èyí tí òun fúnra rẹ̀ fi ń wọn ọjà, inú àpò ìrẹsì ló ń sùn. Ẹni tó bá mọ ọjà wa yóò mọ ohun tó ń bẹ̀rù. Àwọn kan máa ń fi òòlù lu ìdí kọ́ńgò títí yóò fi tẹ̀ wọnú. Lójú oníbàárà, kọ́ńgò ṣì ni, ṣùgbọ́n ìrẹsì inú rẹ̀ ti fi ìkúnwọ́ kan dín.

Ní oṣù kejì ọdún kan, àǹtí mi ń wẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ba kókó kan nínú ọmú ọ̀tún. Kò dùn ún. Ó ní bí hóró ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi ló rí lábẹ́ ìka òun. Ẹni ọdún 38 ni nígbà náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kẹrin, ó pè mí: "Àbúrò mi, ṣé o wà nílé? Máa bọ̀. Má kó àwọn ọmọ dání."

Ibi tí a ti kọ́kọ́ ṣe síkáànù, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ìwé tí wọ́n fún wa kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Ó ní kókó kan wà nínú ọmú ọ̀tún, kí dókítà tó rán wa wá fi ojú ara rẹ̀ wò ó, kí ó sì ṣe ohun tó bá yẹ. Bí kókó náà ti tóbi tó, kò sí níbẹ̀. Apá ibi tó wà nínú ọmú, kò sí níbẹ̀. Etí rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó dán ni àbí ó rí ṣákaṣàka? Kò sí. A gbé ìwé náà fún ènìyàn mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì àdúgbò wa kà á, ó ní kò sí wàhálà. Ọkùnrin tó ni kẹ́mísì kà á, ó mi orí, ó ní ká tètè lọ gé e kúrò. Ìyá ìjọ kan, tí kò tilẹ̀ kà á rárá, gbé ọwọ́ lé àǹtí mi lórí, ó ní kí ó má jẹ́ kí ọ̀bẹ kan ara rẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn kálukú ni kálukú ń sọ. Ìwé náà kò sọ nǹkan kan. Ìdí kọ́ńgò yẹn ti tẹ̀.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí a tó wọ táksí, tí a gba Baṣírí wọ Adó-Èkìtì. Ní ilé ìwòsàn tí a lọ, obìnrin ni dókítà tó ń ka àwòrán inú ara. Bó ti ń ṣiṣẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ sókè, tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó da jẹ́ẹ̀lì sí ọmú àǹtí mi, ó mú ọwọ́ ẹ̀rọ náà rìn yí i ká, ó dúró.

"Ọmú ọ̀tún, aago mẹ́wàá. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin sí orí ọmú. Kókó kan ṣoṣo. Ó rí bí ẹyin. Etí rẹ̀ dán yíká. Ó dùbúlẹ̀. Mìlímítà 11 sí 7."

Àǹtí mi gbé orí sókè lórí bẹ́ẹ̀dì. "Dókítà, aago mẹ́wàá kẹ̀? Aago méjìlá ti kọjá."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ẹni tó dojú kọ aago ara ògiri ni àwọn ṣe ń wo ọmú. Orí ọmú ni àárín aago. Ẹnikẹ́ni tó bá ka ìwé náà yóò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ lé. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ní kókó náà dùbúlẹ̀. Ó ní kókó tó bá ga ju bó ti fẹ̀ lọ, bí ẹni pé ó dìde dúró nínú ẹran, ni ó máa ń ba àwọn lẹ́rù.

Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà ni wọ́n kọ ọ́ sí: BI-RADS 3. Àǹtí mi béèrè ibi tí nọ́ńbà náà ń parí sí. Nígbà tó gbọ́ pé ó dé 6, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. "Mẹ́ta nínú mẹ́fà. Ìdajì ikú rè é."

Dókítà fa àga sún mọ́ ọn. Ó ní kì í ṣe máàkì ìdánwò. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tó ń ránni. Òdo ní iṣẹ́ kò tíì parí, ẹ padà wá ya àwòrán mìíràn, tàbí kí ẹ gbé ti àtijọ́ wá. 1 ní kò sí nǹkan kan. 2 ní nǹkan wà, kì í ṣe jẹjẹrẹ. 3 ní ó jọ pé kì í ṣe jẹjẹrẹ. Nínú 100 irú rẹ̀, kì í ju 2 lọ tó máa ń yíwọ́, nítorí náà ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. 4 ní ìfura wà, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ bu díẹ̀ nínú ẹran ibẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Àní, 4 yìí tún pín sí mẹ́ta: 4A kò ju 10 nínú 100 lọ, 4B dé 50, 4C dé 95. 5 ti kọjá ìyẹn. 6 ni ti ẹni tí wọ́n ti yẹ ẹran rẹ̀ wò, tí wọ́n mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni. Ìtọ́jú ló kù.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo wádìí ibi tí ètò BI-RADS yìí ti ṣẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń ka àwòrán ara ní Amẹ́ríkà, American College of Radiology, ló gbé e jáde ní 1993. Kí ó tó dé, bó bá ṣe wu oníkálukú ló ń kọ ọ́, dókítà tó rán aláìsàn lọ kì í sì í mọ̀ bóyá kí òun gé e ni tàbí kí òun fi í sílẹ̀. Wọ́n wá fẹnu kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa lò fún bí kókó ṣe rí àti bí etí rẹ̀ ṣe rí, wọ́n sì fi nọ́ńbà parí rẹ̀. Mámógíráàmù, ìyẹn àwòrán X-ray ọmú, nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Ní 2003 ni síkáànù wọ inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ síkáànù yìí kan àwa gan-an. Ẹran ọmú obìnrin tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí máa ń ki. Nínú mámógíráàmù, ẹran tó ki a máa funfun, jẹjẹrẹ náà a sì máa funfun. Bí ẹni ń wá lékeléke nínú oko òwú ni; ibẹ̀ ni síkáànù ti wúlò. Bẹ́ẹ̀ àìsàn yìí kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ obìnrin wa dàgbà kó tó dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Ọlópadé, tó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn kó tó di ará Chicago, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú àwọn oníṣègùn ilé ìwòsàn UCH níbẹ̀ ní Ìbàdàn láti wádìí ìdí tó fi ń tètè mú wa, tó sì fi ń le.

Ṣùgbọ́n kọ́ńgò kì í wọn ọjà fúnra rẹ̀. Obìnrin méjì lè lo kọ́ńgò kan náà, kí èkíní jẹ́ kí orí rẹ̀ ga, kí èkejì fi apá gbá a kúrò. Dókítà náà kò fi pa mọ́ fún wa: ó ní ẹlòmíràn lè wo àwòrán yìí kó pè é ní 4A. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ń jiyàn, a mọ ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí.

Lọ́dọ̀ wa, 3 ni nọ́ńbà tó wúwo jù. Ẹni tó gba 1 á jó lọ sílé. Ẹni tó gba 5, ẹbí á sáré kówó jọ. Ẹni tó gba 3, ohun tí kò dùn ún ni wọ́n ní kó máa rántí, kó tún wọ mọ́tò, kó tún san owó. Ìgbà tí ọkọ àǹtí mi ń kọ ebè ni a gba ìwé yẹn. Àǹtí mi ní, "Bí iṣu tuntun bá ti dé, n óò padà lọ." Láti ìgbà náà, bí mo bá pè é, n kì í béèrè ọmú. Màá ní, "Àǹtí mi, iṣu ńkọ́?" Yóò ní, "Ó ti hù." Ní oṣù karùn-ún: "Ó ti gun igi." Bí ohùn rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, n óò mọ̀ pé kò sùn.

Ní oṣù kẹjọ, iṣu tuntun kún ọjà, a padà sí Adó. Dókítà ti ìgbà yẹn kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọkùnrin kan tí kò rí wa rí ló gba ìwé wa. Ó kà á láìsọ̀rọ̀, ó da jẹ́ẹ̀lì. Àǹtí mi ti na ìka láti fi ibẹ̀ hàn án, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀rọ ti bà sí aago mẹ́wàá. Ẹyin dúdú náà yọ lójú ẹ̀rọ. Ọkùnrin náà wọ̀n ọ́n. 11 sí 7. Ó ní kò kúrò níbi tó wà, 3 ṣì ni. Kí a padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà mìíràn, kí a máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí yóò fi pé ọdún méjì.

Àǹtí mi nu ara rẹ̀, ó wọ aṣọ. Kò sọ̀rọ̀ nínú táksí títí a fi kọjá Baṣírí. Lẹ́yìn náà ló fi ìgbọ̀nwọ́ kàn mí.

"Ọkùnrin yẹn kò bi mí níbi tó wà."

Kí a tó dé Ìyìn, ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i.